Ohun tí Kòkòrò Lè Jẹ àti Ohun tí Kò Lè Jẹ: Ìtàn Ìwádìí nípa Ìjẹrà Epo Rọ̀bì àti Epo Àfidípò

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpinpin ìtàn ìwádìí sáyẹ́ǹsì nípa bí àwọn kòkòrò àìfojúrí ṣe ń sọ epo rọ̀bì tó dà sílẹ̀ tàbí sínú omi di ohun tí kò léwu mọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì ogún títí di àkókò yìí. Ó tún wo ìtàn epo àfidípò tí a fi irúgbìn ṣe, nítorí pé ọmọ ìyá ni ìwákiri méjèèjì. Èrò tí a gbé kalẹ̀ ni pé ìjẹrà kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ohun kan wà tí kòkòrò lè dá ṣe. Ohun kan wà tí ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe kí kòkòrò tó lè ṣe tirẹ̀. Ibì kan sì wà tí agbára kòkòrò kò dé. Níbi tí a bá ti gbàgbé ìpín mẹ́ta yìí, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ògóni, àwọn ará ìlú ni wọ́n ń fi ara gbá a. Iṣẹ́ yìí fi ìmọ̀ràn fún àwọn olùkọ́ gúnlẹ̀.

1.0 Ìfáárà

Ní oṣù kìíní ọdún 1956 ni ilé-iṣẹ́ Shell-BP kan epo rọ̀bì ní Oloibiri, ní agbègbè tó di ara Ìpínlẹ̀ Bayelsa lónìí. Ní ọdún 1958 ni ọkọ̀ òkun kọ́kọ́ gbé epo náà kúrò ní Nàìjíríà lọ sí ọjà àgbáyé. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ epo ti wọ inú ètò ìṣúná wa, ó wọ inú ètò ìṣèlú wa, ó sì wọ inú omi tí àwọn kan ń mu. Ìtàn owó epo ni àwọn ìwé ìtàn wa sábà máa ń sọ. Wọn kì í sábà sọ ìtàn epo tó dà nù, ibi tó gbà lọ àti ohun tó dà.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí kò ṣòro láti bi: bí epo rọ̀bì bá dà sílẹ̀, ta ni yóò palẹ̀ rẹ̀ mọ́? Ìdáhùn tí sáyẹ́ǹsì fún wa láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni pé kòkòrò lè palẹ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Òtítọ́ ni ìdáhùn yìí. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí a bá sọ ní ààbọ̀ lè ṣe ni ní ibi ju irọ́ lọ, nítorí pé ẹni tó da epo nù lè fi ẹ̀yìn ti ìdajì òtítọ́ náà, kí ó ká ọwọ́ gbera. Ìdí nìyí tí ìtàn ìwádìí náà fi ṣe pàtàkì.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ohun tí a pè ní ìsọdèérí ni kí ohun tó léwu wọ inú ilẹ̀, omi tàbí afẹ́fẹ́ dé ìwọ̀n tó lè pa ohun ẹlẹ́mìí lára. Ìjẹrà ni iṣẹ́ tí àwọn kòkòrò àìfojúrí, pàápàá bakitéríà àti ìran olú, ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fi irú ohun bẹ́ẹ̀ ṣe oúnjẹ, tí wọ́n sì sọ ọ́ di omi, afẹ́fẹ́ àti ara tiwọn. Epo àfidípò ni èyí tí a lè fi rọ́pò bẹntiróòlù tàbí dísù nínú ẹ́ńjìnnì.

2.0 Ìjẹrà nínú Ìmọ̀ Ìbílẹ̀

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn Yorùbá mọ ìjẹrà kí sáyẹ́ǹsì òde òní tó dé. Ìyá oní-irú tó se igbá, tó bó o, tó wé e, tó sì bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, bakitéríà ni ó gbé iṣẹ́ fún. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe èyí tó ṣe gúdúgúdú jù nínú wọn ni Bacillus subtilis. Ẹni tó rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi láti fi ṣe fùfú ń lo ìjẹrà láti lé májèlé inú ẹ̀gẹ́ lọ. Èròjà kan tó wà nínú ẹ̀gẹ́ náà ní ń tú májèlé yìí palẹ̀, àwọn kòkòrò sì ń bá a rọ ẹran ara ẹ̀gẹ́ kí iṣẹ́ náà lè yá. Àgbẹ̀ tó ń bu ilẹ̀dú ní ìdí ààtàn mọ̀ pé ohun tí wọ́n dà síbẹ̀ ní èṣí ni ó di oúnjẹ fún ẹ̀fọ́ lọ́dún yìí.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló wà nínú ìmọ̀ yìí. Èkíní, ìjẹrà ń fẹ́ ipò tó bá a mu. Ìyá oní-irú kì í ṣí irú sílẹ̀ sínú òtútù kí ó máa retí pé yóò ta. Èkejì, ìjẹrà ń fẹ́ àkókò. Ẹ̀kẹta, kì í ṣe gbogbo nǹkan ní ń jẹrà: èèpo iṣu a máa jẹrà lórí ààtàn, ṣùgbọ́n àpáàdì kì í jẹrà, náílọ̀nù òde òní kò sì gbọ́ tirẹ̀ rárá. Gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá rí nípa epo rọ̀bì kò jìnnà sí mẹ́ta yìí.

3.0 Ìbẹ̀rẹ̀ Ìwádìí: 1906 sí 1946

Epo rọ̀bì kì í ṣe àjèjì sí ohun ẹlẹ́mìí bí a ti lè rò. Òkú àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké inú omi ni ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀ fún àìmọye mílíọ̀nù ọdún, tí ooru àti ìwúwo ilẹ̀ sì sọ di epo. Epo a sì máa sun jáde fúnra rẹ̀ láti abẹ́ ilẹ̀ àti abẹ́ òkun ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé. Nítorí náà, ó ti pẹ́ tí àwọn kòkòrò kan ti ń fi í ṣe oúnjẹ.

Ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan tó ń jẹ́ N. L. Söhngen wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ẹ̀rí èyí hàn. Ní ọdún 1906, ó ya bakitéríà kan sọ́tọ̀ tó ń fi afẹ́fẹ́ mẹ́tíénì ṣe oúnjẹ. Ní ọdún 1913, ó tẹ ìwádìí mìíràn jáde nípa àwọn kòkòrò tó ń jẹ epo. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà, ohun ìyàlẹ́nu lásán ni. Kò sí ẹni tó rò pé a lè gbé iṣẹ́ fún irú kòkòrò bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó kó gbogbo ìmọ̀ náà jọ ni Claude ZoBell, onímọ̀ nípa kòkòrò inú òkun ní ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí Scripps ní California, Amẹ́ríkà. Nínú àpilẹ̀kọ tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1946, ó fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 irú kòkòrò tí àwọn onímọ̀ ti rí pé wọ́n lè jẹ àwọn èròjà inú epo rọ̀bì, àti pé irú wọn wà káàkiri nínú ilẹ̀ àti nínú omi. Àwárí yìí ṣe pàtàkì: bí epo bá dà síbì kan, a kò nílò láti lọ wá kòkòrò wá láti ìlú òkèèrè. Àwọn tí yóò jẹ ẹ́ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

4.0 Àjálù Torrey Canyon àti Àwọn Ìwádìí Tó Tẹ̀lé E

Ọkọ̀ ńlá tó kó epo, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Torrey Canyon, forí sọ àpáta létí òkun Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1967. Epo tó ju 100,000 tọ́ọ̀nù lọ ni ó wà nínú rẹ̀. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ òfuurufú ogun láti ju bọ́ǹbù lu ọkọ̀ náà kí epo inú rẹ̀ lè jóná. Wọ́n tún da nǹkan bí 10,000 tọ́ọ̀nù ọṣẹ olómi sórí epo àti sí etí òkun láti fọ̀ ọ́ nù. Ọṣẹ náà ni ó wá di ìṣòro tuntun. Ó pa àwọn ìgbín àti àwọn ohun ẹlẹ́mìí mìíràn tó ń gbé ara àpáta, àwọn ibi tí wọ́n da ọṣẹ sí sì pẹ́ púpọ̀ kí wọ́n tó bọ̀ sípò ju àwọn ibi tí wọ́n fi epo sílẹ̀ láìfọwọ́kàn. Ìgbà yìí ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọ̀nà mìíràn wà.

Ọdún 1972 dáhùn ìbéèrè náà lọ́nà méjì. Ní yàrá ìwádìí, Ronald Atlas àti Richard Bartha fi hàn pé ohun tó ń dá kòkòrò inú òkun dúró kì í ṣe àìrí epo jẹ, bí kò ṣe àìtó náítírójìn àti fọsifọ́rọ́ọ̀sì nínú omi òkun. Epo kò ní èròjà méjèèjì yìí tó, bẹ́ẹ̀ ni ara kòkòrò kò lè dàgbà láìsí wọn. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ti ẹni tí a gbé odidi àmàlà fún láìsí ọbẹ̀. Ní ìlú Ambler ní Pennsylvania, níbi tí bẹntiróòlù ti jò láti inú páìpù wọ omi abẹ́ ilẹ̀, Richard Raymond àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ Sun Oil da ajílẹ̀ àti afẹ́fẹ́ sí abẹ́ ilẹ̀ kí àwọn kòkòrò tó wà níbẹ̀ lè ṣiṣẹ́. Èyí wà lára ìgbà àkọ́kọ́ tí a mọ̀ọ́mọ̀ gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún kòkòrò níta yàrá ìwádìí.

Ọ̀nà kẹta ni ó pariwo jù. Ananda Chakrabarty, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ fún General Electric ní Amẹ́ríkà, kó agbára jíjẹ oríṣiríṣi èròjà epo láti ara bakitéríà mélòó kan sínú bakitéríà kan ṣoṣo. Ó tọrọ ìwé-àṣẹ ìjọba ní ọdún 1972 kí ẹlòmíràn má baà lè lo ohun tó ṣe láìgba ìyọ̀ǹda. Àwọn aláṣẹ kọ̀. Wọ́n ní a kì í fún ènìyàn ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí ohun ẹlẹ́mìí. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1980, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án sì dá Chakrabarty láre. Ìdájọ́ yìí ṣí ilẹ̀kùn fún òwò ohun ẹlẹ́mìí tí ènìyàn tún ṣe. Ṣùgbọ́n bakitéríà tí wọ́n torí rẹ̀ lọ ilé-ẹjọ́ kò jáde lọ palẹ̀ epo kankan mọ́ nínú òkun. Àwọn kòkòrò onílé tí ZoBell kọ̀wé nípa wọn, tí ẹnikẹ́ni kò gba ìwé-àṣẹ lé lórí, ni ó ń bá iṣẹ́ náà lọ.

5.0 Alaska, 1989: Ìgbà tí Ènìyàn Fún Kòkòrò Lóúnjẹ

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1989, ọkọ̀ Exxon Valdez forí sọ àpáta ní etí òkun Alaska. Nǹkan bí mílíọ̀nù 11 gálọ́ọ̀nù epo rọ̀bì dà sínú òkun, ó sì ba etí òkun tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 2,000 jẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ fi omi gbígbóná fọ àwọn òkúta. Lẹ́yìn náà, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká àti ilé-iṣẹ́ Exxon jọ dán ajílẹ̀ wò. Oríṣi méjì ni wọ́n lò: èyí tó ń lẹ̀ mọ́ epo lára òkúta, àti èyí tó rí kóró-kóró tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ibi tí wọ́n da ajílẹ̀ sí mọ́ ju àyíká rẹ̀ lọ, àní tó fi hàn gbangba sí ojú.

Àwọn kan ṣiyèméjì. Ta ni ó lè jẹ́rìí pé kì í ṣe pé ajílẹ̀ náà ṣí epo kúrò lára òkúta lásán, tí ìgbì sì gbé e lọ? Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ gbà dáhùn yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì mọ̀. Èròjà kan wà nínú epo rọ̀bì tó ń jẹ́ hopane, èyí tí kòkòrò kì í fẹ́ẹ́ jẹ. Bí ó bá ṣe pé ìgbì ni ó gbé epo lọ, hopane ìbá bá àwọn èròjà yòókù lọ ní ìwọ̀n kan náà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá nílẹ̀ ni pé àwọn èròjà yòókù dín kù, hopane sì ṣẹ́kù. Ó dájú nígbà náà pé wọ́n jẹ ẹ́ ni. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 1994 sì fi hàn pé bí náítírójìn tó dé ọ̀dọ̀ kòkòrò bá ti pọ̀ tó ni iṣẹ́ ṣe ń yá tó.

Síbẹ̀, Alaska náà fi ààlà hàn wá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ padà lọ gbẹ́lẹ̀ sí etí òkun náà ní ọdún 2001, wọ́n ṣì bá epo lábẹ́ òkúta, níbi tí ọ́síjìn àti omi tuntun kì í fẹ́ẹ́ dé. Ohun tó wà lójú ilẹ̀ ti jẹrà. Ohun tó wà nísàlẹ̀ wà bí ó ti wà.

Ìmọ̀ nípa àwọn kòkòrò náà ń jinlẹ̀ sí i. Ní ọdún 1998, wọ́n ṣàpèjúwe Alcanivorax borkumensis, bakitéríà tí wọ́n fi erékùṣù Borkum ti Jámánì sọ lórúkọ, tó jẹ́ pé epo ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí kànga epo bú gbàmù lábẹ́ ibùdó Deepwater Horizon ní Ìyawọ̀-Omi Mẹ́síkò ní oṣù kẹrin ọdún 2010, tí òṣìṣẹ́ mọ́kànlá kú, tí epo sì tú fún ọjọ́ 87, àwọn onímọ̀ bá bakitéríà tó ń jẹ epo nínú omi tútù tó ju kìlómítà kan lọ nísàlẹ̀ òkun.

6.0 Ilẹ̀ Ògóni: Ìgbà tí Wọ́n Fi Ètè Sílẹ̀ Pa Làpálàpá

Bí a bá wá gbé ojú sí Nàìjíríà, ìtàn náà yí padà. Ní oṣù kìíní ọdún 1980, kànga Funiwa-5 bú ní etí òkun Niger Delta, epo rẹ̀ sì pa igbó inú ẹrẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Ògóni, àwọn ará ìlú dá ẹgbẹ́ MOSOP sílẹ̀ ní ọdún 1990 láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn lórí ilẹ̀ àti omi tí epo ti bàjẹ́. Shell dáwọ́ iṣẹ́ dúró níbẹ̀ ní ọdún 1993. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995, ìjọba ológun yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn. Ní ọdún 2008, páìpù jò lẹ́ẹ̀mejì ní Bodo. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, Shell sì gbà ní ọdún 2015 láti san mílíọ̀nù 55 pọ́ùn fún àwọn ará ibẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ bẹ àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, UNEP, ní ọ̀wẹ̀ láti yẹ ilẹ̀ náà wò. Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Ibi tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní 200. Nígbà tí àbájáde jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, ó ba ni lẹ́rù. Ní Nisisioken Ogale, bẹ́nsíìnì, èròjà tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, wà nínú omi kànga ní ìwọ̀n tó ju ìlọ́po 900 ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí. Epo tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ ń léfòó lórí omi abẹ́ ilẹ̀ níbì kan. Wọ́n ní àtúnṣe lè gbà tó ọdún 25 sí 30.

Ibi tó kan kókó iṣẹ́ yìí jù nínú àbájáde náà ni ohun tó sọ nípa ọ̀nà tí wọ́n ti ń gbà palẹ̀ epo mọ́. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀lé níbẹ̀ ni kí wọ́n kọ ilẹ̀ tí epo bà jẹ́ ní ebè, kí wọ́n da ajílẹ̀ sí i, kí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún kòkòrò. Lójú ẹni tó bá ka ìtàn Alaska, ó dà bí ẹni pé ọ̀nà tó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n UNEP rí i pé ní ibi 49, epo ti wọlẹ̀ tó mítà márùn-ún, ó kéré tán. Ọkọ́ tàbí ẹ̀rọ ìkọbè kì í dé irú ibẹ̀. Òjò ńlá ilẹ̀ Delta sì lè gbá epo orí ebè lọ sínú odò kí kòkòrò tó fẹnu kàn án. Wọ́n parí rẹ̀ sí pé ọ̀nà náà kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ.

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn kòkòrò, nítorí pé iṣẹ́ kòkòrò lórí epo a máa falẹ̀ gan-an níbi tí ọ́síjìn kò dé. Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ìwádìí náà, nítorí pé Atlas, Raymond àti àwọn tó ṣiṣẹ́ ní Alaska ti sọ ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n mú orúkọ sáyẹ́ǹsì, wọ́n fi ìlànà rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n lè kọ sínú ìwé pé ilẹ̀ ti mọ́, kí ìyá àwọn ọmọ sì máa pọn bẹ́nsíìnì nínú kànga. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016 ni ìjọba ṣe ìfilọ́lẹ̀ ètò ìpalẹ̀mọ́ ní Bodo, ọdún márùn-ún lẹ́yìn àbájáde náà.

7.0 Epo Àfidípò: Ìwákiri Tó Ti Pẹ́

Bí ìpalẹ̀mọ́ bá nira tó báyìí, kí ló dé tí a kò fi epo mìíràn rọ́pò? Ìbéèrè yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ilẹ̀ Áfíríkà sì wà nínú rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ibi ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní Paris ní ọdún 1900, ẹ́ńjìnnì kan tí Rudolf Diesel pilẹ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú òróró ẹ̀pà. Diesel fúnra rẹ̀ ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ìjọba ilẹ̀ Faransé ni ó ní èrò náà, nítorí pé ẹ̀pà pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso ní Áfíríkà. Ní ọdún 1937, G. Chavanne ti Yunifásítì Brussels gba ìwé-àṣẹ lórí ọ̀nà tí a lè gbà fi ọtí líle yí epo pupa padà kí ó lè ṣiṣẹ́ bíi dísù. Kóńgò tí Bẹ́líjíọ̀mù ń ṣàkóso ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ní ọdún 1938, bọ́ọ̀sì èrò kan fi epo náà rìn láàárín Brussels àti Louvain. Epo pupa, ohun ìdáná ilé wa, ni ó wà níbẹ̀rẹ̀ ohun tí ayé ń pè ní bayodísù lónìí.

Àǹfààní irú epo yìí ni pé bí ó bá dà sílẹ̀, ó máa ń tètè jẹrà ju dísù inú ilẹ̀ lọ. Ibi tí ìtàn méjèèjì ti pàdé nìyí: epo tó dára ni èyí tí kòkòrò mọ bí yóò ti jẹ ẹ́ láìpẹ́.

Orílẹ̀-èdè tó lọ jìnnà jù lọ́nà yìí ní sẹ́ńtúrì tó kọjá ni Brazil. Lẹ́yìn tí iye epo rọ̀bì gbówó lórí ní ọdún 1973, ìjọba Brazil dá ètò Proálcool sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1975 láti máa fi ọtí ìrèké wa ọkọ̀. Bí wọ́n ti ń pọn ọtí náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí bí a ti ń pọn ògógóró: kòkòrò ìwúkàrà ni ó ń sọ adùn di ọtí, iná sì ni a fi ń yà á sọ́tọ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1980, ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú ọkọ̀ tuntun mẹ́wàá tí wọ́n ń tà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọtí nìkan ni ó ń mu. Nígbà tó fi di ọdún 1989 sí 1990, ọtí wọ́n, nítorí pé iye epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, ṣúgà sì ti gbówó lórí. Àwọn awakọ̀ tò sí ilé-epo láìrí nǹkan rà. Láti ọdún 2003 ni ọkọ̀ tó lè mu ọtí àti bẹntiróòlù pa pọ̀ ti mú ìgbẹ́kẹ̀lé padà.

Ètò yìí kò wà láìní àléébù. Fún lítà ọtí kan, omi ìdọ̀tí tó tó lítà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ń ṣẹ́kù. Nígbà tí wọ́n ń dà á sódò, àwọn kòkòrò inú odò ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìwọra tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń lo ọ́síjìn inú omi tán, ẹja a sì kú. Ìjẹrà fúnra rẹ̀ ni ó wá di ìsọdèérí. Ojútùú tí wọ́n rí ni kí wọ́n máa bu omi náà padà sí oko ìrèké bí ajílẹ̀. A rí i pé epo tó mọ́ nínú ọkọ̀ lè dọ̀tí ní ilé-iṣẹ́ tó ti jáde, bí kò bá sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Nàìjíríà náà gbé ìlànà tirẹ̀ jáde ní ọdún 2007: kí a máa po ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ọtí mọ́ bẹntiróòlù, kí ẹ̀gẹ́ àti ìrèké jẹ́ orísun rẹ̀. Ìlànà náà kò tíì di ìṣe ní àwọn ilé-epo wa. Àwọn àgbẹ̀ kan gbin bọ̀tújẹ̀ nítorí epo inú kóró rẹ̀, èyí tí ènìyàn kò lè jẹ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ ní tirẹ̀ ń fẹ́ ìṣọ́ra, nítorí pé ibi tí gàrí ti wọ́n, a kò lè fi ẹnu tálákà wa ọkọ̀ olówó. Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ni wọ́n ti ń polongo gáàsì fún ọkọ̀. Gáàsì náà mọ́ ju bẹntiróòlù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilẹ̀ ni ó ti wá. Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé pé òfin ọdún 1979 ti sọ pé kí wọ́n dẹ́kun dídáná sun gáàsì láìgba àṣẹ ní oṣù kìíní ọdún 1984.

8.0 Ohun tó Kan Olùkọ́

Ẹnìkan lè ní Ògóni jìnnà sí wa. Kò jìnnà. Epo ẹ́ńjìnnì tó ti gbó, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ni wọ́n ń dà sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọgbà mẹkáníìkì nílẹ̀ Yorùbá. Táńkì abẹ́ ilẹ̀ ilé-epo lè jò wọ kànga àdúgbò láìsí ẹni tó mọ̀. Agbègbè Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó wà lára ilẹ̀ tó ń mú epo jáde. Nítorí náà, a dá àwọn ìmọ̀ràn wọ̀nyí:

(i) Kí olùkọ́ fi irú, fùfú àti ààtàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìjẹrà, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ̀ pé ìmọ̀ náà kì í ṣe àjèjì sí ilé baba rẹ̀.

(ii) Kí ó kọ́ wọn ní ìbéèrè mẹ́rin tí a gbọ́dọ̀ bi ẹnikẹ́ni tó bá ní kòkòrò yóò palẹ̀ epo mọ́: Báwo ni epo ṣe jìn tó nínú ilẹ̀? Ṣé ọ́síjìn ń dé ibẹ̀? Oúnjẹ wo ni a fún kòkòrò? Ta ni yóò padà wá wọ̀n ọ́n?

(iii) Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìdánwò fúnra rẹ̀. Kí ó bu ilẹ̀ sínú agolo méjì, kí ó da ìwọ̀n òróró kan náà sí méjèèjì, kí ó fi ajílẹ̀ ẹran sí ọ̀kan, kí ó máa rọ ọ́, kí ó sì máa wọ́n omi díẹ̀ sí i. Kí ó fi ìkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ó máa kọ ohun tó bá rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá.

(iv) Kí a fi ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe gbọ́ létí kọ́ wọn. Ará ìlú tí kò ní orúkọ fún ohun tó wà nínú kànga rẹ̀ kò lè ṣàròyé nípa rẹ̀ níwájú aláṣẹ.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé láti ìgbà Söhngen títí dé Deepwater Horizon, ìwádìí ti fi hàn pé àwọn kòkòrò tó ń jẹ epo wà káàkiri ayé, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ ńlá. A rí i pé ajílẹ̀ àti ọ́síjìn ni ènìyàn fi ń ràn wọ́n lọ́wọ́, àti pé ohun tó bá wọlẹ̀ jìn lè bọ́ lọ́wọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. A rí i pé epo àfidípò tó ti inú irúgbìn wá ṣe é jẹ fún kòkòrò, ṣùgbọ́n pé òun náà ń fẹ́ olùṣọ́. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé: ẹni tó da epo nù ni ó jẹ gbèsè ìpalẹ̀mọ́, kò sì tọ́ kí ó ta gbèsè náà látaré fún kòkòrò tí kò lè gba ẹjọ́ rò. Olùkọ́ tó bá fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín iṣẹ́ kòkòrò àti ojúṣe ènìyàn yé ọmọ kan dáadáa ti fún ìlú náà ní ẹlẹ́rìí kan tí a kò ní lè tètè tàn jẹ.